Tẹ́ ẹ bá ní psoriasis, ẹ má ṣọ́ awọ ara nìkan: bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ gbogbo ara wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń fi ìpara pa ìgúnpá àti orúnkún mi, kò sẹ́nì kan tó bi mí léèrè nípa ọmọ ìka. Mo ti lo oògùn làpálàpá, mo ti lo ọṣẹ dúdú tí wọ́n po nǹkan mọ́, mo ti ra gbogbo kíríìmù tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, nígbà tí mo wá rí dókítà awọ ara tó sọ pé psoriasis ni, àìsàn tó ń mú kí awọ ara dì kó sì máa ṣí bí ìpẹ́, inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ó kéré tán mo ti mọ orúkọ ẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, ìka kejì ẹsẹ̀ òsì mi ti wú láti ìdí dé orí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, bàtà ò gbà á, mo ní bóyá mo fi gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lóru tí mi ò mọ̀. Màmá mi ní kí n máa fi omi gbígbóná oníyọ̀ jó o. Mo jó o títí, mo gbé ibuprofen mì títí, oṣù márùn-ún kọjá kí dókítà oríkèé tó wò ó, tó ní ìka yẹn àti ìgúnpá yẹn, àìsàn kan náà ni.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí mo ṣe máa ń yẹ ara mi wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ìgbà yẹn, kí ẹlòmíì má bàa fi oṣù márùn-ún jó ìka lómi iyọ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Psoriasis kì í ràn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Àwọn sójà inú ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà ló ṣìnà tí wọ́n dojú ìjà kọ onílé. Awọ ara tó máa ń gba nǹkan bí oṣù kan kó tó pààrọ̀ ara ẹ̀, tiwa ń pààrọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje, ti àtijọ́ ò tíì já kúrò tí tuntun ti dé, wọ́n á wá máa gun ara wọn lórí, òun ló ń dì tó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn sójà yìí ò jókòó sójú kan, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà rìn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá sì dé làwọn náà lè dé, oríkèé ni o, iṣan ọkàn ni o, ojú, ìfun. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Lọ́dún 2014 gan-an làwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fẹnu kò pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í ranni ni psoriasis, ó ń dunni, ó sì ń dí èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, pé kí gbogbo ìjọba fojú gidi wò ó. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìpara ni wọ́n á kọ fún yín, ó di ìgbà kan ná.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ìwé kékeré kan irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ẹ wá téèpù táwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, fóònù yín náà sì wà ńbẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ò ní gbàgbé. Èmi, ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí mi ni mo máa ń lò, ẹlòmíì lè lo ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá tó jẹ́ ọjọ́ psoriasis lágbàáyé. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe nílé ò ní náwó, láàbù nìkan ló máa gbowó, ẹ sì lè pín in, ẹ ṣe ṣúgà lóṣù yìí, ẹ ṣe ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ná gbogbo ẹ̀ pa lọ́jọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wọn awọ ara

Àtẹ́lẹwọ́ yín àtàwọn ìka ẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara yín. Ẹ bọ́ra sílẹ̀ níwájú dígí, ẹ ka iye àtẹ́lẹwọ́ tó máa bo gbogbo ibi tó ti mú yín. Tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, ó ti le nìyẹn, àwọn dókítà ò ní pè é ní ọ̀rọ̀ ìpara lásán mọ́, nítorí bó ṣe ń pọ̀ sí i lára ni ewu fún ọkàn àti ṣúgà náà ń pọ̀ sí i. Tí ò bá tó mẹ́wàá àmọ́ tó wà lójú, láàárín àtẹ́lẹwọ́ tàbí lójú ara, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ibi tó wà lè nini lára ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ibi mẹ́ta kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ dáadáa: inú irun orí, èékánná, àti àárín ìdí. Mo mọ̀ pé ti àárín ìdí yẹn máa pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín tán kẹ́ ẹ sì yẹ ibẹ̀ wò, nítorí àwọn tó bá mú ní ibi mẹ́ta yìí ni oríkèé máa ń dà láàmú jù. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ máa ń de wíìgì tàbí tẹ́ ẹ máa ń fi irun sílẹ̀ fún oṣù méjì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tú u ni kẹ́ ẹ sọ fún onídìrí kó bá yín wo àárín orí àti ẹ̀yìn etí, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kì í ràn kó má bàa máa fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwé tó wá láti òkè òkun á ní ó máa ń pọ́n. Lára tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ó lè jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ó lè dúdú kirikiri, ó lè rí bí eérú, tí ohun funfun á wá bò ó lórí, tó bá sì lọ tán á fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Àpá yẹn kì í ṣe àìsàn mọ́, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ẹ ya fótò lójú fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ má tan iná fóònù sí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé kànìnkànìn tó le yẹn jù sílẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti ha ara bó, ibẹ̀ gan-an ni tuntun lè ti yọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: èékánná àti oríkèé

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù, torí ohun tó bá bàjẹ́ níbí kì í padà sípò. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní psoriasis, ó lè tó mẹ́ta tí oríkèé máa dà láàmú, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé awọ ara ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, oríkèé á wá tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, nígbà tí èèyàn ti gbàgbé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ oríkèé ló kọ́kọ́ mú wọn.

Ìbéèrè márùn-ún kan wà táwọn dókítà máa ń lò, PEST ni wọ́n ń pè é, ẹ dáhùn ẹ̀ sínú ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé oríkèé yín kan ti wú rí? Ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní àrùn oríkèé? Ṣé èékánná yín, tọwọ́ tàbí tẹsẹ̀, ní ihò kéékèèké bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un? Ṣé gìgísẹ̀ ti dùn yín rí? Ṣé ìka kan, tọwọ́ tàbí tẹsẹ̀, ti wú látòkè délẹ̀ tó sì ń dùn láìnídìí? Tí bẹ́ẹ̀ ni bá ti tó mẹ́ta, dókítà oríkèé ló kàn, rheumatologist ni wọ́n ń jẹ́. Tèmi, mẹ́rin ni lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Tí ẹ bá sì ní ẹyọ kan péré àmọ́ tó jẹ́ ìka wíwú yẹn ni, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má jókòó ka iye, ẹ lọ.

Ìbéèrè kan wà tí kò sí lára márùn-ún yẹn tí mo fi kún tèmi. Láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ tún wò ó nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá nà dáadáa. Ara líle tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lójoojúmọ́ kì í ṣe ti àgbà, kì í ṣe ti pé ẹ sùn sórí ilẹ̀. Ẹ̀yìn ríro náà ní tiẹ̀: èyí tí iṣẹ́ fà, tẹ́ ẹ bá sinmi á rọlẹ̀, àmọ́ èyí tí psoriasis ń fà, ìsinmi ló máa ń mú un le sí i, á jí yín lóru, tẹ́ ẹ bá dìde tẹ́ ẹ rìn kiri á wá dẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún dókítà, ojú ẹ̀ á là.

Ní tilẹ̀ wa, nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà níbí. Wọ́n á ní làkúrègbé ni, wọ́n á wá àgbo fún yín. Wọ́n á ní gout ni, oríkèé wíwú tí uric acid tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń fà, ó sì lè jẹ́ gout lóòótọ́, torí uric acid máa ń ga lára ẹlòmíì tó ní psoriasis, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ló burú jù, pé wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rheumatoid factor fún yín, èyí tí wọ́n fi ń wá irú àrùn oríkèé míì, á bọ́ sí negative, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o: nínú àrùn oríkèé ti psoriasis, negative ló sábà máa ń jẹ́. Èsì yẹn ò sọ pé kò sí. ESR àti CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó máa ń fi ìjà inú ara hàn, pàápàá lè dára kí oríkèé ṣì máa jẹra. Ojú dókítà, ọwọ́ ẹ̀, àti fótò tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ tó wú ló máa sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ yà á nìyẹn, torí lọ́jọ́ tí ẹ máa rí dókítà, ìka á ti tinrin padà, á wá dà bí ẹni pé irọ́ lẹ ń pa.

Ẹ má sì fi ibuprofen tàbí diclofenac tì í fún ọ̀pọ̀ oṣù bí mo ti ṣe, ó ń bo ìrora ni, kò dá oríkèé dúró kó má bàjẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, BP á gòkè, kíndìnrín náà ò ní gbádùn. Oṣù mẹ́fà péré tí èèyàn bá fi falẹ̀ ti tó kí eegun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn dókítà oríkèé ò pọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH àti LASUTH l'Ékòó lẹ ti máa rí wọn, ẹ gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara kẹ́ ẹ tètè gba ọjọ́, torí èrò máa ń pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: BP, ìbàdí, ṣúgà, ọ̀rá

Ìjà àwọn sójà inú ara yẹn dà bí iná, iná tó ń jó lábẹ́ awọ náà ló ń jó ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí psoriasis wọn le, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ máa ń súnmọ́ wọn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ìlànà táwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2018 sì ti ka psoriasis mọ́ ohun tó ń dá kún ewu ọkàn. Nítorí náà ẹ má sọ pé ẹ ṣì kéré.

BP: ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé ẹ̀yìn ti àga, ẹ má sọ̀rọ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ìbàdí: ẹ fi téèpù yí ikùn po láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, ẹ mí jáde kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ má fa ikùn wọlé torí kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ tàn. Ọkùnrin tó bá ti kọjá ínǹṣì 37, obìnrin tó bá ti kọjá 31 àti ààbọ̀, ọ̀rá ti ń dì mọ́ ìfun nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwa máa ń sọ pé ikùn ńlá ni owó, ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn yẹn fúnra ẹ̀ ń ṣe epo sí iná psoriasis, ẹni tó bá sanra tó sì dín díẹ̀ kù, awọ ara àti oríkèé ẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n, oògùn pàápàá á ṣiṣẹ́ dáadáa sí i.

Ṣúgà: ẹ má jẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, omi lásán nìkan. Tó bá wà lábẹ́ 100 mg/dl, ó dáa. 100 sí 125, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. 126 sókè lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ gbọ́ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní HbA1c lè tan ẹni tí jínótáìpù ẹ̀ jẹ́ AS, AC tàbí SS, á fi nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́ hàn. Ẹ sọ jínótáìpù yín fún wọn ní láàbù kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà tówó bá wà. Sìgá, ẹ mọ èyí tí mo fẹ́ sọ, ẹ jù ú nù, ó ń ba awọ jẹ́ ó ń ba ọkàn jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó gbogbo oògùn sórí tábìlì

Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo wí, ti kẹ́míìsì, ti àgbo, ti ìgò tí ò ní orúkọ lára. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ methotrexate, ó dáa fún awọ ara àti oríkèé, òun lèmi náà ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀! Ibi tí mo ti rà á nígbà kan, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kí n máa lò ó lójoojúmọ́, ká ní nọ́ọ̀sì ò ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ ni, bóyá ẹlòmíì ni ì bá máa kọ eléyìí, torí ẹni tó bá lò ó lójoojúmọ́, ó lè pa á. Mo mú ọjọ́ Sunday fún un, mo sì fi bírò pupa kọ SUNDAY NÌKAN sára páálí, folic acid wá ní ọjọ́ tiẹ̀ bí dókítà ṣe sọ. Aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá fẹ́ lóyún tàbí tó fẹ́ fún ìyàwó lóyún, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú.

Ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ níbí. Ọ̀rá máa ń dì sínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó ní psoriasis ju ti ẹlòmíì lọ, tẹ́ ẹ bá wá da methotrexate lé e, tẹ́ ẹ tún da ọtí lé e, tẹ́ ẹ tún fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí lé e, ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹ̀ o. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ wò bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ máa wá, kí wọ́n yẹ hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ó pọ̀ láàárín wa tí èèyàn ò sì ní mọ̀. HIV náà, pàápàá tó bá jẹ́ pé òjijì ni psoriasis ṣàdédé bo gbogbo ara, ẹ má bẹ̀rù àyẹ̀wò. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ olówó gọbọi tí wọ́n ń pè ní biologic, wọ́n á tún yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò.

Àwọn oògùn kan sì wà tó lè fọn iná mọ́ psoriasis: chloroquine tá a máa ń fi wo ibà tẹ́lẹ̀, lithium tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, àtàwọn oògùn BP kan bíi propranolol àti atenolol. Mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró o, ẹni tó bá dá oògùn BP dúró fúnra ẹ̀ ń wá wàhálà, ẹ kàn sọ fún dókítà pé ẹ ní psoriasis kó wò ó bóyá òmíì wà. Prednisolone àti abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń gún fúnni ní kẹ́míìsì, ara á dán fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ti ọmọ tuntun, tó bá wá dáwọ́ dúró, psoriasis lè fi ìbínú padà wá, kó bo gbogbo ara tàbí kó máa yọ ọyún. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ kó má sì já a lójijì, dókítà ló ń bá èèyàn dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ojú àti ìfun

Kò gba àkókò. Ṣé ojú ti pọ́n yín rí tó ń dùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, tí ìríran ṣú? Ìyẹn kì í ṣe àpólò, ẹ má fi oògùn ojú tí aládùúgbò lò kù sí i, dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé ẹ ti ń ṣu gbuuru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, tẹ́ ẹ ń rù? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: inú ọkàn

Èyí ni mo máa ń fò tẹ́lẹ̀. Mo ní mo lágbára. Mo kàn ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn ni, mo kàn ń bẹ àwọn tó ń yan aṣọ ẹbí pé kí wọ́n má mú aláwọ̀ dúdú torí ohun funfun tó ń já láti orí mi máa ń hàn léjìká, nígbà tó yá mi ò wá lọ òde mọ́ rárá, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ yín ti ṣíwọ́ dídùn? Ṣé ọkàn yín ń rẹ̀wẹ̀sì lọ́pọ̀ ọjọ́? Tí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe sọ ti ìka. Ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ gan-an lára àwa tá a ní psoriasis, ojú táráyé fi ń woni dá kún un, oorun tí ara yíyún ń gbà lọ́wọ́ èèyàn dá kún un, iná inú ara yẹn fúnra ẹ̀ sì lè dé ọpọlọ. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ yín kéré. Tó bá ti dé ibi tẹ́ ẹ ń rò pé kẹ́ ẹ kúkú kú, ẹ má dá wà, ẹ pe ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ náà kó bá yín dé ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ keje: bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e dé iwájú dókítà

Dókítà awọ ara ò mọ ohun tí ti oríkèé sọ, ti BP ò mọ ohun tí àwọn méjèèjì kọ, ẹ̀yin àti ìwé kékeré yẹn lẹ máa jẹ́ agbọ̀rọ̀sọ láàárín wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fúnni, nígbà míì kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí yín. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Ẹ káàárọ̀ mà, mo ní psoriasis láti ọdún méjìlá, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́fà báyìí, ara mi ń le láàárọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ìka yìí wú lóṣù tó kọjá, fótò ẹ̀ rèé, BP mi àti ṣúgà mi rèé, oògùn tí mò ń lò rèé, àgbo wà níbẹ̀." Ẹ sọ ti àgbo o, ojú lè tini díẹ̀, ó sàn ju kí wọ́n kọ ohun tó máa bá a jà fún yín lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti agbègbè ẹ̀, ẹ lè béèrè PEST yẹn lọ́wọ́ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìlànà NICE, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ibẹ̀ ní ìlànà, fọwọ́ sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìpara dá yín padà. Ẹni tó bá wà láàárín ogójì ọdún sí mẹ́rìnléláàádọ́rin ní England tí kò sì tíì ní àrùn ọkàn tàbí àtọ̀gbẹ, NHS Health Check, àyẹ̀wò ara tí ètò ìlera ìjọba ibẹ̀ ń ṣe, wà fún un lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni.

Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe psoriasis lẹ ní ńkọ́? Ọmọ tó ní eczema, ìyẹn awọ ara tó máa ń gbẹ tó ń yún ṣáá, ẹ ṣọ́ bó ṣe ń mí lóru, torí ásímà, imú dídí tó ń sín ṣáá, àti oúnjẹ tí kò bá a lára mu máa ń tẹ̀ lé e. Eéwo tó ń padà wá ṣáá sí abíyá tàbí sí ìpìlẹ̀ itan, tó ń san tó tún ń yọ níbì kan náà, ó lè jẹ́ hidradenitis suppurativa, kì í ṣe pé ẹ ò wẹ̀ dáadáa, òun náà máa ń bá ṣúgà, ọ̀rá ikùn, ìsoríkọ́ àti oríkèé ríro rìn, nítorí náà ìgbésẹ̀ kejì, ìkẹta àti ìkẹfà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Èyí tí ò lè dúró de ọdún

Tí gbogbo ara bá ṣàdédé pọ́n tàbí ṣú tó ń bó, tí òtútù ń mú yín gan-an, tí ọyún wẹ́wẹ́ ń yọ káàkiri pẹ̀lú ibà, ẹ má lọ sí kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn tí wọ́n lè dá èèyàn dúró sí ni. Àyà tó ń fún tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n, ẹnu tó yí sápá kan, ọwọ́ tó ṣàdédé kú, ìyẹn náà bẹ́ẹ̀, lóru ni tàbí lọ́sàn-án. Ojú tó pọ́n tó ń dùn, ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo methotrexate, tí egbò bá ń yọ lẹ́nu, tí ibà ń mú yín tàbí tẹ́ ẹ ò lè mí délẹ̀, ẹ má lo ti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ pe dókítà. Kẹ́ ẹ sì gbé ìwé kékeré yẹn fún ẹni tó bá ń wa mọ́tò kó dì í mú, torí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè má rántí orúkọ oògùn kankan.